Bàbá Ọ̀fẹ́ àti Àlejò Yàrá Kẹrìnlélógún

Ọkùnrin kan wà tó ń fi ọkọ̀ já búrẹ́dì fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà tirẹ̀, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan sì wà láàárín wọn. Wọ́n mọ odi gíga yí ọgbà náà ká, àfi kẹ̀kẹ́ ràgàjì tó ń gbé èèyàn yí lókè nìkan ló yọrí lórí odi. Ọ̀nà jíjìn làwọn èèyàn ti ń wá síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko lọkùnrin yìí fi ń já búrẹ́dì sí ẹ̀yìnkùlé àwọn òtẹ́ẹ̀lì yìí, kò gba géètì ọgbà wọlé rí. Tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn mẹ́rin, apá rẹ̀ kò ká a.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí irú ìyẹn ń bà lọ́kàn jẹ́. Kò pẹ́ tó fi rí i pé púpọ̀ nínú ohun tó dùn níbẹ̀, ìta géètì ló wà. Ọkọ̀ ojú omi kan ń gbé èèyàn láti òtẹ́ẹ̀lì kan dé èkejì lórí adágún, wọn kì í bi ẹnikẹ́ni ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ó mọ ibi táwọn pẹ́pẹ́yẹ ń kóra jọ sí. Ó mọ ibi téèyàn lè jókòó sí lẹ́bàá odi kó sì máa gbọ́ orin inú ọgbà ketekete. Ó mọ aago tí ọkọ̀ ojú irin kékeré máa ń kọjá lẹ́yìn wáyà, táwọn tó wà nínú rẹ̀ á sì juwọ́ sí ọmọdé tó bá kọ́kọ́ juwọ́ sí wọn.

Bó bá ti ṣiṣẹ́ tán lọ́sàn-án Sátidé, á sáré relé lọ kó ìyàwó àtọmọ, wọ́n á di búrẹ́dì tó ṣẹ́kù àti omi dání, ó di ìta géètì. Àwọn aládùúgbò wá sọ ọ́ ní Bàbá Ọ̀fẹ́, inú rẹ̀ sì dùn sí orúkọ náà. Á ní, "Olówó ló ń sanwó ìran, olójú ló ń wò ó." Ìyàwó rẹ̀, tó ń rán aṣọ iléèwé fọ́mọ ọlọ́mọ, á fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, á ní, "Ẹ kúuṣẹ́, olójú."

Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sóhun tó kàn án ju pẹ́pẹ́yẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti pé méje, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé Akọ̀wé ni gbogbo ilé ń pè é.

Ohun kan ṣoṣo ló wà níta géètì tí Bàbá Ọ̀fẹ́ kì í mú wọn dé ibẹ̀. Ní òtẹ́ẹ̀lì kẹta, lábẹ́ agboòrùn ńlá kan, obìnrin àgbàlagbà kan máa ń jókòó ti tábìlì ọ̀dà, á máa yàwòrán sójú àwọn ọmọdé: ológbò, labalábá, ẹkùn. Kì í gbowó, ṣùgbọ́n ọmọ àwọn àlejò òtẹ́ẹ̀lì nìkan ló wà fún. Ẹ̀yìn ilé ni Bàbá Ọ̀fẹ́ máa ń gbà kí wọ́n má bàa rí i.

Nígbà tó kù díẹ̀ káwọn ọmọ wọlé ẹ̀kọ́ padà, aṣọ iléèwé kún ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ kò ráyè tẹ̀ lé wọn, ọkùnrin náà sì nìkan kó àwọn ọmọ jáde. Ọmọ kan tó ya labalábá sójú sáré kọjá lọ́dọ̀ wọn lẹ́bàá òtẹ́ẹ̀lì kẹta. Akọ̀wé dúró sójú kan. Kò sunkún, kò fa ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ó kàn béèrè pé, "Dádì, ṣé ọ̀fẹ́ nìyẹn náà?"

Kó tó dáhùn, ìyá ayàwòrán ti rí wọn. "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀. Yàrá wo lẹ wà, sà?"

Ó yẹ kó sọ pé àwọn ń kọjá lọ ni. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, ó ń já búrẹ́dì kan tí kò níyọ̀ sí ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì yẹn, àlejò kan tó ti ń gbé ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ló ni ín, wọ́n sì máa ń fi bírò kọ nọ́ńbà yàrá sára páálí rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kẹrìnlélógún, mà."

Obìnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fa àga fún Akọ̀wé. Nígbà tí Bàbá Ọ̀fẹ́ rí ojú ọmọ rẹ̀ nínú dígí, ara rẹ̀ balẹ̀. Ta nirọ́ yìí pa lára? Lọ́nà ilé, Akọ̀wé béèrè pé níbo ni yàrá kẹrìnlélógún àwọn wà. Ó ní àwàdà lòun bá màmá yẹn ṣe.

Ní Sátidé kejì, kí obìnrin náà tó la ẹnu, Akọ̀wé ti sọ ọ́. "Yàrá kẹrìnlélógún, mà. Labalábá aláwọ̀ búlúù ni mo fẹ́." Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó tiẹ̀ fọwọ́ pa á lórí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ó fi di Sátidé kẹrin. Lọ́jọ́ náà, àbúrò Akọ̀wé ti ya ẹkùn tán, wọ́n ṣì ń ya ti Akọ̀wé, nígbà tí bàbá arúgbó kan tó fọ̀pá tilẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà ọgbà òdòdó. Ìyá ayàwòrán gbójú sókè, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi pé àwọn ọmọọmọ yín ti dé, bàbá. Yàrá kẹrìnlélógún rèé ní kíkún."

Bàbá arúgbó dúró. Ó wo Akọ̀wé, ó wo ẹkùn kékeré náà, ó wá wo Bàbá Ọ̀fẹ́. "Èmi nìkan ni mo wà ní yàrá kẹrìnlélógún," ló wí.

Akọ̀wé ló sọ̀rọ̀. Kò ṣẹ́jú, kò mi ẹsẹ̀.

"Bàbá wa àgbà ni, mà. Wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan."

"Pẹ̀lẹ́, bàbá," ni ìyá ayàwòrán wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà, ó di ohùn téèyàn fi ń rẹ ọmọ jòjòló lẹ́kún. Ó dìde, ó di bàbá náà lápá mú. "Òòrùn yìí ló mú yín. Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó." Bàbá náà kọ́kọ́ fẹ́ fa apá rẹ̀ gbà. Nígbà tó yá, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" ló béèrè. Ọ̀dọ̀ Bàbá Ọ̀fẹ́ ló kọjú ìbéèrè náà sí.

Bàbá Ọ̀fẹ́ dákẹ́. Ó fa àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì kúrò níbẹ̀, àwòrán Akọ̀wé kò tíì parí, ìyẹ́ labalábá kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀.

Wọn ò dúró wo pẹ́pẹ́yẹ. Nílé, ó fi ọṣẹ fọ ojú àwọn ọmọ fúnra rẹ̀. Ó ń fọ ti Akọ̀wé, kò lè wò ó lójú. Ta ló kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ yẹn? Ẹyẹ kọ́ ló kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò pariwo. Ó gbé aṣọ tó ń rán kalẹ̀.

"Nígbà tí bàbá yẹn béèrè lọ́wọ́ yín, kí lẹ sọ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ẹ ò sọ nǹkan kan." Ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ náà. "Ó dáa. Ẹ má bá ọmọ yẹn wí nínú ilé yìí o. Kò tíì kan ọmọ, ẹ̀yin ló kàn."

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ó gbé búrẹ́dì dé ilé ìdáná, alásè sì ní kó gbé èyí tí kò níyọ̀ padà. Bàbá onítọ̀hún kò jẹun látàná. Ó ti pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù pé kó wá mú òun lọ, pé orí òun ti ń dà rú. Bàbá Ọ̀fẹ́ bọ́ épíróònù rẹ̀, ó gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ó sì kanlẹ̀kùn yàrá kẹrìnlélógún.

Báàgì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá náà jókòó sídìí tábìlì, ìwé kan wà níwájú rẹ̀ tó kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sí, ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. Ó ti fagi lé e, ó ti tún un kọ, ó ti fi ọfà so wọ́n pọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó fàlà méjì tí kò kọ orúkọ kankan sí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, ó kọ "obìnrin, ẹnu rẹ̀ mú." Ẹ̀gbẹ́ èkejì, "ọkùnrin, kékeré."

Nígbà tí Bàbá Ọ̀fẹ́ ka ìwé náà, ì bá wù ú kí ilẹ̀ lanu. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti sọ ọ́. Àwọn ọmọ òun ni. Wọn kì í ṣe ẹbí bàbá. Ara páálí búrẹ́dì lòun ti rí nọ́ńbà yàrá.

Bàbá náà gbọ́ ọ dópin. "Awọnlẹ̀ ni mí," ló wí. "Ogójì ọdún ni mo fi wọn ilẹ̀. Ọjọ́ méjì yìí ni mo fi wá jókòó síbí tí mò ń wọn orí ara mi, tí ìwọ̀n rẹ̀ ò sì bára mu. O mọ̀ ọ́n, o sì jẹ́ kí wọ́n wọ́ mi lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Má bẹ̀ mí. Gba fóònù yìí, kó o sọ fún ọmọ mi bó o ṣe sọ ọ́ fún mi. Tó o bá sọ ọ́ tán, lọ sọ fún obìnrin tó dì mí lápá mú."

Ó sọ ọ́ fún ọmọ náà. Ìyẹn kàn ní, "Ẹ gbé fóònù fún bàbá mi," kò sì bá a sọ nǹkan mìíràn. Ìyá ayàwòrán ní tirẹ̀ ń fọ búrọ́ọ̀ṣì nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ tán, ó jókòó. "Èmi tí mo rò pé mò ń ṣàánú àgbà," ló wí. Ó ní òun á sọ fún ọ̀gá òun, ó sì sọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ti gba ojú ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ Bàbá Ọ̀fẹ́. Àwọn ọsibítù àti bárékè ni wọ́n gbé fún un. Kò jà sí i.

Ní Sátidé, ó mú Akọ̀wé dání, wọ́n padà lọ. Bàbá arúgbó ti kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú báàgì, kò lọ mọ́, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún. Akọ̀wé kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ kì í gbàgbé nǹkan, sà. Irọ́ ni mo pa. Ẹ má bínú."

"Mo máa ń gbàgbé díẹ̀díẹ̀," ni bàbá náà wí. "Àná ni mo wá awò ojú mi títí, ojú mi ló wà. Ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí tìrẹ." Ó tẹ̀ síwájú lórí ọ̀pá rẹ̀. "Ta ló kọ́ ẹ pé kó o máa pe yàrá mi?"

Akọ̀wé bojú wo ẹ̀yìn, ó wo ojú bàbá rẹ̀. Ó wá yíjú padà. "Èmi ni mo rò ó fúnra mi, sà," ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ tutù bí ti Sátidé tó kọjá.

Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, èyí ló wọ Bàbá Ọ̀fẹ́ lára jù. Torí pé ó rí i pé nítorí òun lọmọ náà ṣe tún parọ́.

"Rárá, sà," ló sọ. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Bàbá náà mi orí. Kò sọ pé òun ti dárí jì í, kò sì sọ pé òun ò ní dárí jì í. Ó ní kí Akọ̀wé dìde, pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.

Bàbá àtọmọ jọ rìn lọ sí ibùdó bọ́ọ̀sì, torí kò sí ọkọ̀ búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n rìn jìnnà díẹ̀ kí Akọ̀wé tó sọ̀rọ̀.

"Dádì, ṣé ojú ń tì yín?"

"Ó ń tì mí."

"Èmi náà," ló wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.