Irun Ìyá Jẹ́nẹ́rà

Ọdún tí àwọn sójà ń fi kòbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò sórí ìlà ra ìrẹsì àti mílíìkì, tí a ń tọ́jú ọṣẹ bí ẹni ń tọ́jú wúrà, ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ ní kí n dárúkọ ọdún náà gan-an. N kò kàwé. Ohun tí ojú mi rí ni mo fi ń ka ọdún.

Irun dídì ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kọ́ mi ní Ẹdẹ níbí. Wọ́n fún mi ní òòyà kan àti ìkòtí tí a fi ń la irun, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ le. Orí lo gbà, kì í ṣe iṣu lo fẹ́ wà." Wọ́n tún kọ́ mi pé a kì í jẹ́ kí orí dìde lọ́wọ́ ẹni ní ààbọ̀. Òjò ìbáà máa rọ̀, ọmọ ìbáà máa ké, onídìrí gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú gbogbo orí tí mo dì, ti Ìyá Jẹ́nẹ́rà ni kò kúrò lọ́kàn mi. Agbo ilé tí wọ́n gbé mi ṣìyàwó sí ni wọ́n wà. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Àkànní, ti sá kúrò lóko bàbá rẹ̀ ní Alájué lọ wọṣẹ́ sójà kí n tó débẹ̀. Ogun jà, Àkànní padà bọ̀ láàyè. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ di ṣùkú fún Ìyá. Láti ìgbà náà, bí ìròyìn bá ti dé pé wọ́n fún un ní oyè tuntun, Ìyá á ránṣẹ́ pè mí: "Wá tún orí mi ṣe, wọ́n ti gbé ọmọ mi ga." Mo di ṣùkú nígbà tó di méjọ̀, mo dì í nígbà tó di kọ́nẹ̀lì. Nígbà tó wá di jẹ́nẹ́rà, mo gbé ṣùkú náà sókè débi pé gèlè kò dúró lórí wọn. Àwọn ará ìlú ń wo oyè rẹ̀ ní èjìká. Èmi, orí ìyá rẹ̀ ni mo ti ń wò ó.

Bó bá ń bọ̀ wálé, fèrè ọkọ̀ rẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbọ́. Mọ́tò sójà níwájú, mọ́tò sójà lẹ́yìn. Ìyá á ní, "Àkànní, ṣé kíkí lo wá kí mi, àbí o wá gbógun tì mí?" Jẹ́nẹ́rà á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku pẹ̀lú aṣọ sójà tí wọ́n ti lọ̀ tó gún régé.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ìyá jókòó sórí ẹní láàárín ẹsẹ̀ mi. Mo ti di apá ọ̀tún tán, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la òsì, ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin àwọn ológun. Wọ́n ní sójà ti gba ìjọba lọ́wọ́ sójà. Inú ìjọba tó ṣubú ni Jẹ́nẹ́rà wà. Ìyá dìde.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Ó ku apá kan."

"Fi í sílẹ̀. Ó dìgbà tí mo bá fojú kan Àkànní."

A gbọ́ pé wọ́n ti tì í mọ́lé. Bí irun bá ti gbó, mo máa ń lọ tú apá ọ̀tún, n ó fi àdí pa á, n ó tún un dì. Òsì wà bẹ́ẹ̀ lábẹ́ gèlè. Nígbà mìíràn ìka mi á ṣàdédé kọjá sí òsì, torí ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ ni, Ìyá á sì dì í mú.

"Ọ̀tún nìkan, ìyàwó. Àbí òòyà rẹ ni yóò bá mi mú ọmọ mi wálé?"

A ó jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́.

Ọyẹ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n mú Àkànní ló mú Ìyá lọ. Ikọ́ lásán la pè é. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n gbẹ́mìí mì lówùúrọ̀, a sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Èmi ni wọ́n pè sí ìdí irun wọn. Àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú ní kí n tú ọ̀tún, kí n fọ gbogbo rẹ̀, kí n pín in sí mẹ́ta, bí a ti ń ṣe fún obìnrin tó bá kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Jẹ́nẹ́rà dé. A kò gbọ́ fèrè kankan. Ọkọ̀ èrò ló já a sí Sẹ̀kọ̀nà lójú ọ̀nà Ẹdẹ, ló bá wọ òmíràn wọ̀lú. Aṣọ tó ti ṣá ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wá jókòó sórí ẹní níwájú mi.

"Bọ̀dá mi, ìgbà wo ni wọ́n fi yín sílẹ̀?"

"Ìgbà àgbàdo tuntun."

"Níbo lẹ wá wà látìgbà náà?"

"Ìbàdàn."

Ìbàdàn! Ìbàdàn tí mo máa ń lọ ra òwú, tí n ó sì padà dé kí àwọn ọmọ tó jẹun alẹ́. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wá mọ́tò rà ni. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ sọ̀ nínú ọkọ̀ èrò lójú àwọn tí sójà ń nà nídìí ìrẹsì? Èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n nà, ṣùgbọ́n n kò lè bínú sí i lọ́jọ́ náà.

Ó wá béèrè ohun tó bá wá.

"Ìyàwó wa, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ irun náà fún mi. Ta ló wá bá wọn parí ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó parí ẹ̀, bọ̀dá mi. A tú u ni."

Ó ṣí fìlà, ó dorí kodò níwájú orúnkún mi, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Òòyà wà lọ́wọ́ mi. N kò mọ ohun tí mo lè fi ṣe.

Òun náà ti lọ bá ìyá rẹ̀ báyìí. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, n kì í gba orí mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ mi dàgbà, tí wọ́n ń lọ wáṣẹ́ káàkiri, mo sọ fún wọn pé: "Bí wọ́n bá yọ yín níṣẹ́, bí ẹ kò bá ní ju aṣọ ọrùn yín lọ, ẹ wọ ọkọ̀ èrò wálé. Bí owó ọkọ̀ bá tán sí Sẹ̀kọ̀nà, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín. Mọ́tò kọ́ ni mò ń retí."