Lẹ́tà Tí A Fi Wé Iṣu

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Iléṣà, tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, èmi ni akọ̀wé gbogbo agboolé wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kíláàsì mẹ́fà péré ni mo kà kí n tó bọ́ sídìí aṣọ títà, ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, nínú agboolé tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń tẹ àtàǹpàkò, ọmọ tó bá ti lè kọ "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" láìṣì í kọ, ọ̀mọ̀wé ni. Àwọn ìyá á pè mí láti ìdí ààrò pé, "Akọ̀wé, wá bá mi kọ ọ̀rọ̀ kan sí ọkọ mi." Èmi náà á jáde, n ó fi bírò há etí bíi káfíńtà, n ó wú bí àkàrà.

Ẹnì kan wà tí mo kọ lẹ́tà fún ju gbogbo wọn lọ. Yèyé ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Yàrá wọn kọjú sí tiwa, ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó tà. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Jọ́ọ̀sì, níbi tó ti ń ta aṣọ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ayé ìgbà náà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti wá sílé gbẹ̀yìn. Ojú Yèyé sì ti ń ṣú. Bí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, àfi kó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mọ ẹni tó jẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́ láyé: kí ọmọ wọn wálé, kí wọ́n rí ojú rẹ̀ dáadáa nígbà tí ojú tiwọn ṣì ń ríran díẹ̀.

"Ohùn rẹ̀, mo lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn," wọ́n máa ń wí. "Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí."

Èmi ni mo gba iṣẹ́ yẹn. Ẹ wá gbọ́ irú lẹ́tà tí mò ń kọ. Tíṣà wa ti kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, mo sì ti há a sórí: "Inú mi dùn púpọ̀ láti fi àǹfààní yìí kọ ìwé kékeré yìí sí ọ, mo sì lérò pé yóò bá ọ ní àlàáfíà ara àti ti ọkàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún èmi náà níhìn-ín." Ìdajì bébà ti lọ, a ò tíì sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni n ó wá kó àwọn ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọlé, torí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, etí mi kún fún ìwàásù. Bí Yèyé bá ní, "Sọ fún un pé kó wá," èmi á kọ ọ́ pé, "Ìfojúsọ́nà fún ìpadàbọ̀ rẹ kún inú ọkàn mi títí dé góńgó." Bí mo bá kà á sí wọn létí, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ó dùn o. Ó kàn dà bí ẹni pé kò yé mi ni." Mo rò pé wọ́n ń yìn mí.

Ọmọ náà kì í wá. Ó máa ń fèsì, ṣùgbọ́n òun mọ kíkà, kò mọ kíkọ dáadáa, ó ń bẹ akọ̀wé kan lọ́wẹ̀ lọ́hùn-ún. Inú òun náà á dùn púpọ̀ láti fi àǹfààní yìí kọ ìwé kékeré yìí. Bí mo ṣe ń rò ó báyìí, akọ̀wé méjì ló kàn ń kí ara wọn. Ìyá àti ọmọ kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀.

Ní ìgbà òjò ọdún kan, ibà dá Yèyé dùbúlẹ̀. Mo kọ̀wé sí Jọ́ọ̀sì lórúkọ ara mi pé ara wọn kò yá. Nígbà tó yá, Ọlọ́run bá wa ṣe é, ibà lọ. Yèyé ní kí n tètè kọ òmíràn, kí n ní ara àwọn ti balẹ̀, kí ọmọ má dààmú. "Ara wọn ti balẹ̀." Mo wò ó, ó tẹ́ lójú mi bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú, mo ti gbọ́ tí wọ́n kéde nípa ìyá arúgbó kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pé màmá náà ti sinmi, wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ làálàá ayé yìí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí bí oyin. Èmi rò pé ẹni tí àìsàn fi sílẹ̀ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó jìyà, ó wá ń sinmi, kí ló tún kù? Ni mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ gbàgàdà-gbagada pé: "Pẹ̀lú ọpẹ́ sí Ọlọ́run ni mo fi ń sọ fún yín pé ìyá yín ti sinmi. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ làálàá ayé yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì." Yèyé ti sùn lọ nígbà tí mo parí, n kò kà á sí wọn létí. Mo fi itọ́ lẹ̀ ẹ́, ó di pósítọ́fíìsì.

Kò ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ, lọ́sàn-án gangan, mọ́tò kan dúró níwájú agboolé. Ọmọ Yèyé sọ̀kalẹ̀ nínú aṣọ dúdú, ojú rẹ̀ wú. Ó ti wọ rélùwéè láti òkè Ọya wá sí Òṣogbo. Níbẹ̀, ní Òkè-Fìà, ló ti ra pósí lọ́wọ́ káfíńtà kan, kí ìyá rẹ̀ má baà sùn nínú èyí tí àwọn ará ilé máa fi pákó ìdọ̀tí kàn. Ọkùnrin mẹ́rin gbé e sílẹ̀ láti inú mọ́tò. Yèyé jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n gbójú sókè, òjìji ni wọ́n rí.

"Kí lẹ gbé wá yẹn?" wọ́n ní. "Bí tábìlì bá ni, ẹ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, kò sáàyè níbí."

Ìyá mi ló dá wọn lóhùn: "Yèyé, ọmọ yín ló dé láti Jọ́ọ̀sì."

"Ọmọ mi? Òun ló ra tábìlì fún mi?"

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín bú sílẹ̀ ní gbogbo agboolé. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó ti sunkún láti Jọ́ọ̀sì, tó ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, tí àwọn ọ̀rẹ́ ti dáwó ìsìnkú fún, ó dé, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó fa lẹ́tà náà yọ. Ẹnì kan kà á sókè. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, èmi sì ti wà lẹ́yìn ìkòkò omi.

Ẹ máa ní ọ̀rọ̀ ti parí, ọmọdé ló ṣì í kọ. Kò gbà. Ó ní ọmọdé wo ló mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹni àgbà ló fi sí i lẹ́nu. Ó ní ìyá òun ló fẹ́ kí òun wá ní dandan, ni wọ́n fi purọ́ ikú mọ́ ara wọn. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò fẹnu kan oúnjẹ Yèyé. Nígbà tó ń lọ láàárọ̀, ó ní, "Lẹ́tà yòówù tó bá tún ti ilé yìí wá, mi ò ní í tú u." Wọ́n gbé pósí padà fún káfíńtà, káfíńtà ní òun kì í gba irú ọjà bẹ́ẹ̀ padà, pé kí wọ́n ṣe sùúrù, wọ́n á lò ó. Èlùbọ́ ni Yèyé dà sínú rẹ̀.

Ìyá mi nà mí. Tíṣà gbọ́, ó nà mí ní tirẹ̀, ó ní mo ba orúkọ ilé ìwé jẹ́. Yèyé kò nà mí. Wọn ò tilẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n kàn ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ń fi ọwọ́ wá ohun tí ojú wọn kò rí mọ́.

Bí oṣù méjì kọjá, iṣu tuntun dé ọjà. Yèyé pè mí. "Mú bírò rẹ wá."

"Yèyé, wọ́n ní àwọn ò ní í tú u, mà."

"A ò ní í dì í. Lẹ́tà ló ní òun ò ní í tú, kò sọ̀rọ̀ iṣu." Wọ́n ti ya bébà kan lára àpò sìmẹ́ńtì. Obìnrin kan ládùúgbò wa ń lọ sí Jọ́ọ̀sì lọ́tùnla, yóò bá wa mú iṣu náà lọ, ara bébà tí a fi wé e ni ọ̀rọ̀ máa wà.

Mo bẹ̀rẹ̀: "Inú mi dùn púpọ̀ láti fi àǹfààní yìí…"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi kọ́. Ẹni yẹn ti jẹun yó, ó na ẹsẹ̀. Pa á rẹ́."

Mo kọ ọ́ pé àárò rẹ ń sọ mí gidigidi. Wọ́n ní, "Gidigidi, báwo ni wọ́n ṣe ń rí i? Bí mo bá ta ẹ̀gúsí tó kún fún èèpo, ṣé oníbàárà á tún padà wá? Pa á rẹ́." Mo pa á rẹ́. Bébà ti ń dọ̀tí. Mo ní, "Kí lẹ wá fẹ́ kí n kọ, mà?"

Wọ́n ní, "Kí ni mo gún lánàá?"

"Iyán, mà."

"Ti ẹni mélòó?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ní gbogbo ọjọ́ tí Yèyé bá gún iyán, iyán ẹnì kan máa ń ṣẹ́ kù nínú àwo tí wọ́n dé, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á pe àwa ọmọdé, wọ́n á pín in fún wa. A rò pé tiwa ni. Iyán ọmọ wọn la ti ń jẹ láti ọdún mẹ́rin.

"Kọ ìyẹn," wọ́n ní.

Mo kọ ọ́. Mo wá kọ ti iṣu tuntun, mo kà á sókè. Wọ́n ní, "Uṣu." Mo ní, "Yèyé, iṣu là ń kọ nílé ìwé. Tíṣà á nà mí." Wọ́n ní, "Tíṣà ló bí i?" Mo kọ uṣu. Mo kọ ulé, bí àwa Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é lẹ́nu, tí ẹnikẹ́ni kì í kọ. Gbogbo lẹ́tà náà rèé: "Uṣu tuntun ti jáde. Mo ṣì ń gún iyán ẹni méjì. Ojú mi kò dáa mọ́. Wá sí ulé."

Mo ní, "Ṣé ẹ ò ní í bẹ̀ wọ́n ni, mà?"

"Mo ti bẹ̀ ẹ́."

"Níbo, mà?"

"Níbi iyán."

Iṣu lọ. Èmi náà kò gbádùn, gbogbo mọ́tò tó bá fẹ́ dúró ni mò ń sáré jáde wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí a kò retí, ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú àpò kékeré kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Yèyé fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú rẹ̀ mú, wọ́n fà á jáde síbi oòrùn, wọ́n wò ó títí. Yèyé ní, "Irùngbọ̀n yìí kò yẹ ọ́."

Ó ní òun ti fẹ́ dá iṣu padà, ni òun rí "uṣu" lára bébà. Ó ní kò sí akọ̀wé náà láyé tó lè kọ uṣu, àfi bí ìyá òun bá dúró tì í. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò, ó ń jẹ iyán tirẹ̀ fúnra rẹ̀, àwa ọmọdé gba kámú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ojú Yèyé pa pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Kó tó padà sí Jọ́ọ̀sì, ó bèèrè pé ta ló kọ lẹ́tà yẹn. Mo na ọrùn sókè. Yèyé ní, "Èmi ni. Ọmọ yìí kàn bá mi di bírò mú ni."

Ó dùn mí nígbà náà. Lónìí, bí wọ́n bá ní kí n kó gbogbo ìwé tí mo kà jọ, gbólóhùn yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú. Ojoojúmọ́ ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, tó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kíkọ. Òṣogbo ni mo fẹ́ ọkọ sí, Ọ̀fàtẹ̀dó ni mò ń gbé, ìsọ̀ aṣọ mi wà ní Ọjà Ọba. Àwọn ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi á ní aṣọ tiwọn dára, ó rẹwà, ó jọjú, kò lẹ́gbẹ́. Èmi á ní, "Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣí, ẹ wá fi lù mí." Ẹ wá wo ìsọ̀ tí èrò wà.

Ayé ti yí. Lẹ́tà tó ń sùn lọ́nà tẹ́lẹ̀ ti ń dé báyìí kí n tó rí jígí mi fi sójú. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn náà, torí àwọn ọmọ-ọmọ mi wà káàkiri, mo sì ń gbúròó gbogbo wọn kí ọ̀kadà tó gbé mi dé ọjà. Ṣùgbọ́n fóònù ti di akọ̀wé, ó sì burú ju èmi lọ. Lọ́jọ́ ìbí mi tó kọjá, mẹ́ta nínú wọn fi àdúrà kan náà ránṣẹ́ sí mi, ìlà ogún, òdòdó yí i ká, orúkọ ìyá ìyá ẹlòmíràn wà nísàlẹ̀ ọ̀kan. Mo ṣe àmín, mo sì bá ìyá náà ṣe àmín tirẹ̀. Lẹ́yìn náà mo pe ọ̀kan nínú wọn, èyí tó wà ní yunifásítì. Mi ò bá a jà. Mo ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Lọ́la, kọ ohun tí o bá ṣe sí mi."

Ó ní, "Màmá, mi ò kì í ṣe nǹkan pàtàkì kan."

Mo ní ìyẹn gan-an ni mo fẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo ń ká aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ tó kọ wọ fóònù mi. "Màmá, ẹ̀wà mi jóná. Mo fi ṣíbí ha ìkòkò títí, mo jẹ èyí tó kù. Ó korò."

Mo jókòó lórí àpótí, mo kà á tó ìgbà mẹ́ta. Oníbàárà kan dúró sí mi lórí, ó ń bèèrè iye tí àǹkárá jẹ́. Mo ní kó ṣe sùúrù ná, ọmọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀.