Ìbéèrè tí Ìyá Aláṣọ Bi Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin, ní àdúgbò Zongo níhìn-ín ní Niamey, iṣẹ́ ńlá ni kí obìnrin má kírun kí ọkùnrin ilé má sì mọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí fún yín.

Ará Ìlọrin ni bàbá mi, àfáà sì ni. Inú ọgbà ilé wa ni ilé-kéú rẹ̀ wà. Àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ nígbà náà, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ló sì gba gbogbo ìgboro. Bàbá mi kò fẹ́ràn ilé-ìwé Faransé rárá. Bókò ló ń pè é, bí àwọn Hausa ti ń pè é. Ìyá mi ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà pé kí n máa lọ, ó sì kìlọ̀ pé ọjọ́ tí bókò bá dí mi lọ́wọ́ ìrun, ọjọ́ náà ni òun yóò mú mi kúrò. Mo fẹ́ràn ilé-ìwé yẹn ju oúnjẹ lọ.

Olúkúlùkù wa nínú ọgbà ló ní bútà tirẹ̀, ìyẹn kẹ́tùlù tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹ̀gbẹ́ ògiri la máa ń tò wọ́n sí. Bí bàbá mi bá fẹ́ mọ ẹni tó kírun, bútà ló máa ń wò, á sì wo ẹsẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, eruku ìlú yìí a máa sọ ẹsẹ̀ gbogbo wa di funfun, nítorí náà ẹsẹ̀ ẹni tó ṣe àlùwàlá kì í fara sin. Àwọn obìnrin ilé náà wá ní ọgbọ́n kan tí n kò mọ̀. Ẹni tó bá rí nǹkan oṣù rẹ̀ nínú wọn, tí kò gbọdọ̀ kírun, á gbé bútà rẹ̀ bíi tàwọn tó kù, á lọ sẹ́yìn ilé, á fọ ojú, á fọ ẹsẹ̀, á wọ yàrá, á sì jókòó jẹ́ẹ́ títí wọn á fi kírun tán. Kò sí ọkùnrin tó lè fura. Wọn kì í kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n yìí àfi bí àkókò tirẹ̀ bá tó, ìyá ọmọ ló sì máa ń kọ́ ọ.

Ìyá mi kò sí nílé nígbà tí àkókò tèmi tó. Ó ti lọ tọ́jú ìyá tirẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Ìlọrin. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó jẹ́, torí bàbá mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi. Ó máa ń ka orí tó sọ̀rọ̀ nípa nǹkan oṣù nínú ìwé òfin fún gbogbo àwa ọmọ kéú, lọ́kùnrin lóbìnrin. Á kà á ní Lárúbáwá, á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ohùn rẹ̀ kò sì ní yí padà, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ iye ọkà lọ́jà. Àwa ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn á tẹjú mọ́ ẹní. Mo ti gbọ́ òfin náà yékéyéké pé obìnrin tó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kírun, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan Kùráánì. Mo ya ògbólógbòó aṣọ ìyá mi, mo dì í mọ́ra, mo sì ṣe bí òfin ti wí. Mo fi bútà mi sílẹ̀ tòun tomi.

Nígbà tí bàbá mi kírun àsùbáà tán, ó rí bútà tó kún, ó sì rí ẹsẹ̀ mi.

"O ti kírun?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá."

"Ara rẹ ò yá ni?"

Ara mi yá. N kò fẹ́ purọ́ àìsàn fún un, n kò sì lè sọ òótọ́, ni mo bá mú ìgbálẹ̀, mo lọ gbá ẹ̀yìn ilé. Bákan náà ló rí nígbà tí ìrun ọ̀sán tó, bákan náà ló rí nírọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe gbé báàgì kọ́ èjìká, ó bọ́ ọ kúrò léjìká mi, ó gbé e wọ yàrá tirẹ̀.

"Súbúhánállàhì! Bókò ti fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Lọ jókòó sí ilé-kéú. Kùráánì nìkan ni wàá máa kà nílé yìí láti òní lọ."

Mo jókòó. Ó gbé Kùráánì síwájú mi, ó ní kí n gbé e. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn lójú gbogbo àwọn ọmọ kéú. Mo rò pé yóò nà mí, kò nà mí. Ìjayà ni mo rí lójú rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Gbólóhùn kan péré ni ì bá dá báàgì mi padà fún mi. Mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi títí, kò dé ẹnu. Ìtìjú mi ju ìfẹ́ ilé-ìwé lọ, ẹ sì ti gbọ́ bí mo ṣe fẹ́ràn ilé-ìwé tó.

Obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà tó gba yàrá nínú ọgbà wa, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ńlá. Ìyá aláṣọ la máa ń pè é. Ó ti dàgbà, gbogbo orí rẹ̀ ti funfun, ó sì ti rí ọmọ ọmọ. Nígbà tó ti ọjà dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Kùráánì náà lẹ́nu àwọn ọmọ kéú, ó sì wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó wọlé lọ láìbi mí ní nǹkan kan.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kó tó lọ sọ́jà, ó gbé àpótí wá sẹ́nu ọ̀nà ilé-kéú, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń bi bàbá mi ní ọ̀rọ̀ òfin.

"Àfáà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ló rú mi lójú."

"Ẹ máa wí, Ìyá."

"Obìnrin tó rí nǹkan oṣù rẹ̀, tí wọ́n wá fi dandan lé e pé kó kírun, pé kó gbé Kùráánì dání. Ta ló ni ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀?"

Bàbá mi kò tilẹ̀ rò ó. "Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn obìnrin náà. Ẹni tó fi dandan lé e ló ni ín. Ta lọ̀rọ̀ ọ̀hún kàn, Ìyá?"

"Èmi ni o, Àfáà. Èmi gan-an ni."

Bàbá mi wo irun funfun tó yọ lábẹ́ gèlè rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéú bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé iwájú rẹ̀ láti ojú ewé kan sí òmíràn, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Bí kò ṣe wò mí yẹn ni mo fi mọ̀ pé ó ti yé e. Ìyá aláṣọ dúpẹ́, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó gba ọjà lọ.

Kò pẹ́ tí bàbá mi fi dìde. Ó mú báàgì mi jáde, ó fi kọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ìyá mi, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

"Ilé-ìwé ti wọlé o. Ẹni tó bá ń lọ, kó máa lọ."

Eré ni mo sá dé ilé-ìwé. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi kò wo bútà obìnrin kankan mọ́. Ó kú láìjẹ́ pé èmi àti òun sọ ọ̀rọ̀ náà rí.

Lọ́dún yìí, mo wà nínú mọ́tò pẹ̀lú ọmọ mi ọkùnrin ní àdúgbò Yantala nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é lórí fóònù pé kó ra páàdì bọ̀. A jọ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó tún pe ọmọ náà padà níbẹ̀, ó ń pariwo pé, "Èyí tó gùn ni àbí èyí tó kúrú?" Mo fa ìborùn bojú. Àwọn tó ń rajà níbẹ̀ kò tilẹ̀ bojú wo ẹ̀yìn.

Ọmọ ọmọ mi yìí ló ní kí n sọ bó ṣe rí nígbà tèmi. Ó bi mí pé, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ fún bàbá yín?" Ká ní bàbá mi bi mí ní tààrà, mo mọ̀ pé ǹ bá sẹ́. Ayé ti yí padà, n kò sì ní sọ pé tiwa ló dára jù. Mo sọ fún un pé tiwọn yìí ló sàn, kò sí ohun ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ jókòó tì wá nígbà tó ní kí n sọ ìtàn náà, mo sì kọ́kọ́ rán an jáde pé kó lọ ra búrẹ́dì wá kí n tó la ẹnu. Búrẹ́dì wà nílé.