Wáyà Tí Kò Ní Kọ́pà Nínú

Òórùn lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi máa ń rùn láti àárọ̀ dalẹ́, òun àti òórùn rọ́bà gbígbóná tó ń fẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìwọ náà mọ ibẹ̀, kéèyàn ṣáà ti yà kúrò ní Àgọ́ Palace, kó kọjá ilé ìfowópamọ́ méjèèjì, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Rédíò, áńpílífáyà, sípíkà, gbogbo ohun tó bá ti ń fọhùn rí tó wá dákẹ́, èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Mo mọ iṣẹ́ náà, mi ò sì ní purọ́ fún ọ, mo mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kan wà ní Àjàó Estate, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ iná inú ọkọ̀ òfurufú. Ó gbé ẹ̀rọ agbáwo rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo orin, àti áńpílífáyà rẹ̀ wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ kan tí òjò ń rọ̀ lemọ́lemọ́, ó ní nǹkan kan ń kùn lábẹ́ orin bí ẹ̀fọn. Ó fẹ́ gbọ́ àwo kan tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣe nígbà tí òun náà ṣì wà láàárín wọn. Mo tún un ṣe títí, ìkùn náà dín kù, àmọ́ kò lọ tán. Bàbá ní wáyà tó so ẹ̀rọ agbáwo mọ́ áńpílífáyà ni òun fura sí, pé òun ti bá ọkùnrin kan tó ń ta ojúlówó wáyà ní Ọ̀ṣòdì sọ̀rọ̀, òun ti sanwó fún un, ó máa gbé e wá bá wa.

Ọ̀sán Sátidé ni ọkùnrin náà dé. Ọmọ Òṣogbo ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó sì kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó fa wáyà méjì yọ nínú ọ̀rá, ọ̀kan tó máa gbé ohùn sípíkà òsì, ọ̀kan tó máa gbé ti ọ̀tún, dúdú ni wọ́n, wọ́n sì rọ̀ bí okùn bàtà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò ní kọ́pà nínú o. Kábọ́ọ̀nù ni, bí ìgbà tí wọ́n fi èédú ran òwú." Ẹ̀rín pa mí. Wáyà èédú kẹ̀? Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kọ́pà ni mo mọ̀ nínú wáyà.

Wàá rántí pé kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nígbà yẹn tí ẹnì kan ta fóònù fún fọkanáísà wa, tí fọkanáísà wá délé, tó tú páálí rẹ̀, tó sì bá amọ̀ gbígbẹ nínú rẹ̀. Ara gbogbo wa lójú ọ̀nà yẹn ṣì ń ta. Gbogbo àwa tá à ń tún rédíò ṣe, ọ̀nà kan náà la fi ń yẹ wáyà wò. A máa ń yí mítà tá a fi ń wọn iná síbi tó ti ń han gooro, a ó fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan orí àti ìdí wáyà. Tó bá han, wáyà wà láàyè. Tó bá dákẹ́, ó ti kú. Mo fi kan èyí, ó dákẹ́. Mo fi kan ìkejì, ó dákẹ́. Bàbá ní, "Ọmọ mi, dúró ná. Jẹ́ ká so ó mọ́ ẹ̀rọ ká gbọ́." Mo mú pílásì, mo gé ọ̀kan sí méjì, mo wò ó nínú: kò sí nǹkan pupa kankan, òwú dúdú ṣáá, bí irun tó jóná.

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Ọkùnrin náà lanu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ yí mítà yẹn síbi tó ti ń ka nọ́ńbà," mo sì fi gbogbo agbára ọwọ́ ọ̀tún mi gbá a létí. Ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó di etí mú. Mo yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀, mo tún gbá a níbì kan náà. "Gbájúẹ̀ ni ẹ́," ni mo pariwo, fọkanáísà sì gbọ́ ọ.

Òun ló fi kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì wọ́ ọ jáde bí àpò gàrí. Ó gbé irin tó fi ń tú táyà dání. Kí n tó ṣẹ́jú, èèyàn ti pọ̀ lé e lórí létí gọ́tà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀, igi àti bàtà lù ú ní àlùbami. Imú rẹ̀ bẹ́, ẹ̀jẹ̀ bo ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn dé ìdodo. Ọkùnrin kan tí mi ò rí rí sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gbé búlọ́ọ̀kù, ó sọ ọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ké, ohùn rẹ̀ sì há. Mi ò fẹ́ kó o rò pé mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan mò ń wò ó. Mo ta á nípàá níhà, mo gbọ́ bí nǹkan ṣe kán, mo tún ta á. Ojú ń tì mí láti sọ èyí tó kù, àmọ́ òótọ́ ni: ó dùn mọ́ mi. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé táyà wá, táyà ò sì wọ́n wa níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni orin bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn akọrin ni, tọkùnrin tobìnrin, nínú sípíkà kan ṣoṣo, ohùn wọn mọ́ gaara, kò sí ìkùn kankan lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ti mú wáyà kejì tí mi ò gé, ó ti so ó, ó ti gbé àwo rẹ̀ sí i. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ta ló ń gbọ́? Ìdajì wọn ò tiẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Táyà ti wà lọ́rùn rẹ̀, ẹnì kan sì ti ń ṣí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò. Mo fò lé ọkùnrin náà, mo dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ pátápátá. Wọ́n lu ẹ̀yìn mi, irin fọkanáísà bà mí léjìká, apá náà kú tiiri. Fọkanáísà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí mi, ó ní, "Ìwọ lo ní gbájúẹ̀ ni." Mo ní, "Mo ṣì í ni. Wáyà yẹn dáa. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n." Ó kọjú irin ọwọ́ rẹ̀ sí àwọn tó kù, ó lé wọn. Mọ́tò Bàbá la fi gbé ọkùnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìsọlọ̀.

Lójú ọ̀nà ni Bàbá ti ṣàlàyé fún mi. Kábọ́ọ̀nù ń gbé ohùn kọjá, àmọ́ kì í jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi ti kọ́pà, mítà ò sì ní han fún un. Ká ní mo yí i síbi nọ́ńbà ni, ǹ bá rí i pé wáyà náà wà láàyè. Ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ lọ́wọ́ nìyẹn tí mo fi gbá a létí.

Nígbà tí wọ́n gbà ká rí i, mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lápá òsì bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, èmi tí mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí omijé fi gbà mí lójú, ó kàn ń wo àjà. Mo rò pé ó ń bínú ni, mo sì tún ń bẹ̀ ẹ́ lọ. Ìgbà tó yí orí tó rí mi nílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí apá kejì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ yẹn."

Egungun ìhà rẹ̀ ti jinná, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti jinná, ó sì ti padà sẹ́nu òwò rẹ̀ ní Ọ̀ṣòdì. Etí yẹn ò là mọ́. Èèyàn púpọ̀ ló lù ú lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan etí rẹ̀ àfi èmi. Mo ṣì máa ń tètè bínú, mi ò ní tàn ẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé ohun tí mi ò rí rí wá sórí tábìlì mi, mo máa ń sọ ọ́ jáde lójú oníbàárà pé mi ò mọ̀ ọ́n. Àwọn kan á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́ ni mo máa ń ronú pé kò gba ìṣẹ́jú kan, kò sì nira, ǹ bá sì ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń fi etí méjèèjì gbọ́ mi.