Èdè tí Ìyá Mi Fi Dúró sí Ilé

Ìyá mi ń sọ èdè kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí láyé. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ èèyàn kan lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìsólò-Ọ̀pìn la ti ṣe é nígbà ọyẹ́ tó kọjá, lẹ́yìn tí àrùn ẹ̀gbà mú ìyá wa lápá ọ̀tún tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Kòrò ló dá a sílẹ̀. Èmi tí mo ti ń kọ ìròyìn láti ìgbà tí gbogbo irun orí mi ṣì dúdú, mo wà níbẹ̀, mo sì gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, tó ń gbé Àbújá, ló fẹ́ wá mú un lọ. Ó ní ilé ìwòsàn ńlá wà nítòsí òun, àti pé iná kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ ládùúgbò òun. Kò sọ ohun tí kò dára. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà nílé rí i pé nígbàkigbà tí wọ́n bá ti dárúkọ Àbújá, ìyá wa á yí ojú sí ọ̀nà oko. Ó ti lọ síbẹ̀ rí, kí àìsàn tó dé. Wọ́n gbé pọ́ńdò fún un pé iyán ni. Ó wò ó, ó ní, "Ta ló gún un?" Wọ́n ní omi gbígbóná ni wọ́n fi rò ó. Ó rọra ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ojú lẹ rí," ni ẹ̀gbọ́n wa wí lórí fóònù nígbà tí mo ròyìn fún un. "Èmi ò tíì gbọ́ ẹnu rẹ̀."

Ẹnu gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ẹbí wa, a kì í bá opó sọ ibi tí yóò gbé. Opó fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó níwájú ẹbí ọkọ, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ wí i. Nígbà tí bàbá wa kú, ìyá wa wí tirẹ̀: "Ibi tí ẹ sin ọkọ mi sí ni mò ń gbé. Ẹni tó bá fẹ́ yàrá mi, kó dúró dè mí." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí, àwọn ohùn kéékèèké bíi ti ẹyẹlé nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀.

Àbúrò mi ti kà lórí fóònù nípa àwọn èdè tí èèyàn kan jókòó dá sílẹ̀, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín ọ̀rọ̀ inú wọn kù, débi pé ọ̀rọ̀ kan á máa ru ẹrù ọ̀pọ̀lọpọ̀. "Bí ẹni tí ara rẹ̀ dá pépé bá lè fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀," ó ní, "kí ló dé tí Màámi ò ní lè ṣe é?"

Inú ẹnu ìyá wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn tí kò bá lè jáde níbẹ̀ mọ́ kò sí nínú èdè náà. Gb lọ, r lọ, j lọ. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ náà lọ, nítorí ohùn ìyá wa ti tẹ́jú bí odò tí kò sáré mọ́. Mo ti rò pé kò lè dára létí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọyẹ́, tí eruku ti bo àwọn òkè tó yí ìlú ká, tí igi àti òrùlé ń léfòó bí ohun tí a rí lójú àlá, ohùn tó tẹ́jú yẹn bá ọjọ́ mu. Nígbà mìíràn n kì í mọ̀ bóyá ó ń sọ̀rọ̀ ni tàbí ó ń mí.

Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi ń ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ṣa igi ìdáná. Àwọn àgbà ìlú wa ń pe ilé ní "ulé", wọ́n ń pe iṣu ní "usu". Ó gé iwájú wọn, ó ku *le* àti *su*. *Le* ni ilé, yàrá, ibùsùn, ibojì, ibi tí ọkàn bá ti balẹ̀. *Su* ni iṣu, oúnjẹ, oko, ohunkóhun tí ilẹ̀ bá hù. *Mi*, láti inú omi, ni òjò, ọbẹ̀ àti ẹkún. *Sanu* wá láti ẹnu àwọn Hausa tó ń wá kó iṣu lọ sí òkè ọya. Ìkíni ni, "pẹ̀lẹ́" ni, "rọra" sì ni. *Fia* wá láti inú àlàáfíà tí aládùúgbò wa onímọ̀le fi ń kí wa láràárọ̀. Ohun gbogbo tó bá dára ni. *Ko* kò ní ìtàn. Kíkọ̀ ni, kò sì sọnù lẹ́nu ìyá wa rí.

*Fo* ni ìyá wa fúnra rẹ̀ mú wá. Ó na ọwọ́ òsì sí fóònù tí ẹ̀gbọ́n wa ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó ní, "Fo." Láti ọjọ́ náà, *fo* ni ohun gbogbo tó jìnnà: Àbújá, àwọn ọmọ tó ti lọ, àti ọ̀run pàápàá.

Kò sí àná níbẹ̀, kò sí ọ̀la. Kò sí ẹyọ kan, kò sí púpọ̀. Kò sì sí "ẹ̀yin" fún àgbà. Eléyìí bí àbúrò bàbá wa nínú. Òun ni olórí ẹbí, ó sì máa ń yà lọ́dọ̀ wa bó bá ti oko dé.

"Ìyàwó wa á wá máa pè mí ní 'ìwọ'?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ló wọ́n," ni àbúrò mi wí.

"Ó wọ́n débi pé ọ̀wọ̀ náà tán lọ́jà?"

Síbẹ̀ ó jókòó. Lọ́jọ́ kejì ó tún jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó dijú. A rò pé oorun ló ń sùn.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n wa dé, ó wa mọ́tò tó ní ìjókòó fífẹ̀ wá. Ẹbí pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá wa la ẹnu, àbúrò mi sì bẹ̀rẹ̀: "Màámi ní—"

"Rárá o, tíṣà." Ẹ̀gbọ́n wa gbé ọwọ́ sókè. "Ìwọ lo dá èdè sílẹ̀, ìwọ náà lo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Ohun tó bá wù ọ́ ni wàá ní ó sọ. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ."

Àbúrò mi yí ojú sí olórí ẹbí.

Olórí ẹbí la ojú. "Tíṣà, bọ́ sí àgbàlá." Àbúrò mi jáde. Bàbá náà wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ìyá wa.

"Sanu," ó ní.

Ìyá wa wò ó, ẹnu yà á. "Sanu."

Ó na ìka sí ẹ̀gbọ́n wa. "Le fo. Fia?"

Ìyá wa fi ọwọ́ òsì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ kúrò. "Fia," ó ní. Mo rí i tí ojú ẹ̀gbọ́n wa tàn; ó ti fẹ́ dìde.

"Su fo," ni ìyá wa tún wí. Ó mi orí, apá kan ẹnu rẹ̀ sì gòkè. "Ko su."

Iṣu ọ̀nà jíjìn kì í ṣe iṣu. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n wa ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi dà lójú rẹ̀. "Ìyá yìí! Pọ́ńdò ìyàwó mi ló ṣì ń bú!"

"Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ níyẹn o!" ni àbúrò mi kígbe láti àgbàlá.

"Mo mọ̀," ni olórí ẹbí dáhùn. "Wọ́n lè kọ́ èèyàn lọ́rọ̀. Wọn kì í kọ́ èèyàn lẹ́fẹ̀."

Ìyá wa na ọwọ́ sí ibojì bàbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, nínú kùrukùru ọyẹ́ funfun náà. "Le," ó ní.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, olórí ẹbí sọ ohun tó kàn. Ìyàwó wọn yóò máa gbé ilé rẹ̀ títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Ẹ̀gbọ́n wa yóò wá obìnrin kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀sí. Bí iṣu tuntun bá dé, ẹbí yóò tún pé jọ, wọn yóò sì tún bi í léèrè.

"Ẹni tó bá ń bọ̀ nígbà náà," ó ní, "kó kọ́ èdè náà wá. Èmi ò ní ṣe ògbufọ̀ fún ẹnikẹ́ni."