Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Kan Etí

Òórùn ẹyin tí ọmọ mi ń dín láàárọ̀ yìí ló tún bí mi nínú. Ẹyin mẹ́ta fún ẹnìkan ṣoṣo! Kì í ṣe òun ni mo ń bínú sí o. Àwọn àgbà ilé wa ní Ìpara ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayé àtijọ́ tàn yín. Adìẹ kún àgbàlá wa, ṣùgbọ́n ọmọdé kò gbọdọ̀ tọ́ ẹyin wò. Ìyá àgbà a ní, "Ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yó dà." Bàbá àgbà ń jẹ ẹ́ ní tirẹ̀, a ò sì gbọ́ pé ó jalè. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tí kò mọ ẹran ni wọ́n fi tọ́ Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí èéyi bo gbogbo ara rẹ̀, àgbo ni wọ́n ń rọ sí i lẹ́nu, nítorí kò sí ilé ìwòsàn nítòsí. Ó yè é, ṣùgbọ́n kò ga bó ṣe yẹ mọ́.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, èmi ń gbé ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ń fún mi ní ẹyin àti mílíìkì, ó sì rí i pé mo gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí mo padà sílé. Àbẹ̀kẹ́ ti pé mẹ́jọ, síbẹ̀ mo fi orí ga jù ú lọ.

Ìyá wa mú àwa méjèèjì lọ síléèwé lọ́jọ́ kan náà. Ìdánwò ìgbà yẹn ni pé kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Tèmi kàn án wẹ́rẹ́. Àbẹ̀kẹ́ na tirẹ̀, ó tẹ ọrùn títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìka kò dé ibẹ̀.

"Ẹ mú un lọ sílé, kò tíì tó," ni ọ̀gá iléèwé wí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, òun lẹ̀gbọ́n," ni ìyá wa ń bẹ̀bẹ̀.

"Ṣé irọ́ ọjọ́ orí lẹ fẹ́ pa fún mi?"

Ó wo àwa méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì dárí ẹ̀rín yẹn jì í dòní. Odidi ọdún méjì ni wọ́n fi dá a padà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ wá kan etí, ó ní òun kò lè bá àwọn ọmọ ọwọ́ jókòó. Ó bá ìyá wa lọ ta obì ní Ṣàgámù.

Àwọn èèyàn a máa ní ìran wa ló kúrú. Irọ́ ni! Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Àwọn ọmọ Àbẹ̀kẹ́ jẹun kánú, wọ́n gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì ga ju gbogbo wa lọ. Àánú ẹni tí ayé ìgbà náà rẹ́ jẹ ló ń ṣe mí.

Lóṣù tó kọjá, mo mú un lọ sílé ìwòsàn nítorí orúnkún. Nọ́ọ̀sì kan na ìwé sí i pé kó buwọ́ lù ú. Ẹ̀gbọ́n mi wojú mi, ó rọra na àtàǹpàkò rẹ̀ síwájú, ó ní kí wọ́n fún òun ní tàdáwà.