Lọ́yà Tí Mo Ń Lọ Kí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọdún tó jẹ́, ẹ kà á láti ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún yẹn, wọ́n ní kí àkọ́bí mi gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ọwọ́ kò kan etí. Wọ́n ní kí a máa padà lọ sílé. Nígbà tó di ọdún kejì, ọwọ́ kan etí, wọ́n gbà á. Ọdún tí ọwọ́ kan etí yẹn ni mo ra ẹ̀gbẹ́ ilé kan ní Ìkòròdú. Èmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọdún náà nínú ìwé.

Ẹ̀pẹ́ ni mo wà nígbà náà, nílé ọkọ mi. Ọkọ mi ti kú, mo ti ṣe opó tán. Wọ́n fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ ṣú mi lópó, mo ní n kò fẹ́. Wọn kò bá mi jà. Ẹnikẹ́ni kò bú mi. Ìyálé ilé kàn wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń tú irun orí rẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó, yàrá yìí mà dára o. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń wọ ibẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá mi."

"Ìyàwó tuntun tí àbúrò ọkọ rẹ fẹ́ gbé wọlé lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, ooru máa ń mú un púpọ̀."

Ó gbọn irun kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó dìde, ó lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n bá mi sọ lórí ọ̀rọ̀ yàrá nìyẹn. Mo ní ọmọ mẹ́ta, ààwẹ̀ sì ti sún mọ́lé.

Ẹja ni mo ń tà. Obìnrin Ìlàjẹ kan wà tí ọkọ rẹ̀ ń pẹja lábúlé etí omi, onígbàgbọ́ ni wọ́n. Òun ló ń kó ẹja tútù wá fún mi, èmi á yan án, mà á tà á ní Ọjà Olúwo. Bí ọjà Ejinrin bá pé, mà á kó ìyókù lọ síbẹ̀. Mo ní ọkọ̀ ojú omi tèmi. Èmi ni mo fi owó ara mi gbẹ́ ẹ, kì í ṣe ti ọkọ mi. Àwọn ọkùnrin méjì ń wà á fún mi, àwọn obìnrin ọjà ń sanwó wọ̀ ọ́. Nínú owó ọkọ̀ yẹn ni mo ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀, títí mo fi gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ta ẹ̀gbẹ́ ilé kan ní Ìkòròdú.

Ilé bàbá kan tó ti kú ni. Ìyàwó méjì ló fi sílẹ̀, nígbà tí wọ́n sì pín ogún ní ìdí-igi, àwọn ọmọ ìyá àgbà mú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ìyá kejì mú ẹ̀gbẹ́ òsì. Àwọn ti ọ̀tún ló fẹ́ ta tiwọn: yàrá mẹ́ta, àti ìdajì ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, bàbá arúgbó kan, ni mo bá nájà. Mo san owó yàrá pé lójú ẹlẹ́rìí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Bàbá náà ní, "Dúró ná, ọmọ mi. Bí kò bá sí ìwé, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ òsì máa bá ọ jà. Wọ́n ti kó àgbàdo sí yàrá kan níbẹ̀. Lọ́yà wa yóò kọ ọ́ fún ọ. Ọjọ́ tí ìwé bá jáde, kọ́kọ́rọ́ náà jáde."

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Èkó ni lọ́yà náà ń gbé, ṣùgbọ́n ó máa ń wá sí Ìkòròdú lópin ọ̀sẹ̀, ó ń gba àlejò ní yàrá iwájú ilé bàbá rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó fa àga fún mi. Kò dárúkọ owó, èmi náà kò béèrè. Bàbá ló pè é, mo sì rò pé ẹni tó pe àlejò ló ń bọ́ ọ. Ṣé mo wá máa bi àlejò àgbà léèrè pé èló ni?

Níbi tí wọ́n bí mi sí, ẹni tí iṣẹ́ rẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kíkí lo ń kí i. Bí o bá gbé igi ọkọ̀ fún agbẹ́kọ̀, o kò ní jókòó sílé kí o máa retí ọjọ́ tó máa parí. Wàá lọ kí i. Wàá mú nǹkan dání. Wàá jókòó tì í, wàá ní iṣẹ́ ńkọ́, òun á ní iṣẹ́ ń lọ. Ẹ óò sọ ti ilé, ẹ óò sọ ti ọmọ, lẹ́yìn náà wàá dìde. Ẹni tí kò bá kí oníṣẹ́, oníṣẹ́ á gbé igi rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òjò á sì máa pa á.

Nítorí náà mo ń lọ kí lọ́yà. Bí mo bá ná ọjà Ejinrin tán, mo máa wọ ọkọ̀ mi dé èbúté Ìkòròdú, mà á di ọ̀bọ̀kún yíyan tó tóbi jù sínú ewé, mà á gbé e lọ fún un. Ó máa ń gbé kálámù sílẹ̀ bí mo bá wọlé. Ó máa ń béèrè omi, ó máa ń béèrè àwọn ọmọ mi. Èmi náà á béèrè ohun tó bá wà lọ́kàn mi. Mo bi í pé ṣé ará ilé ọkọ mi lè wá gba yàrá náà lọ́wọ́ mi. Ó ní wọn kò lè gbà á. Mo bi í pé ọmọ mi obìnrin ńkọ́, ṣé òun náà lè jogún níbẹ̀. Ó ṣàlàyé, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á gbé omi wá fún mi, á gba ẹja, á ní kí n kí ilé. Ara mi máa ń balẹ̀ bí mo bá ń padà lọ. Mo ní èèyàn lẹ́yìn.

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ìwé ti jáde. Mo bá wọn ní yàrá lọ́yà, bàbá náà àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, lọ́yà, àti akọ̀wé rẹ̀. Lọ́yà ń ka ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀wé ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún mi: yàrá mẹ́ta, ìdajì ẹ̀yìnkùlé, tèmi àti ti àwọn ọmọ mi. Mo ti na àtàǹpàkò mi sílẹ̀ kí wọ́n fi kan tàdáwà.

Lọ́yà ní, "Ó ku owó tèmi, Ìyá Ẹ̀pẹ́."

Mo wo bàbá náà. Òun ń wo àjà.

Mo ní, "Ṣebí bàbá ló mú mi wá síbí, sà."

Bàbá ní, "Èmi mú ọ wá, òótọ́ ni. Ta ló ni ìwé? Ṣé ẹni tó júwe ilé télọ̀ ló ń sanwó aṣọ?"

Lọ́yà wá dárúkọ owó. Owó ìwé ló kọ́kọ́ sọ. Èyí wúwo, ṣùgbọ́n mo rò pé bí mo bá yá díẹ̀, mo lè rí i. Ó wá ní owó ìjókòó tún wà.

Mo ní, "Ìjókòó ta ni?"

"Tiyín. Àwọn ìgbà tí ẹ wá gba ìmọ̀ràn."

"Mo wá kí yín ni, sà."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ìyá, kíkí wo ló ń pẹ́ tó yẹn? Àwọn mìíràn jókòó síta títí, oòrùn ń pa wọ́n."

Lọ́yà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí dókítà. Ó ní, "Ẹ bi mí ní ti ará ilé ọkọ yín, mo dá yín lóhùn. Ẹ bi mí ní ti ọmọ yín obìnrin, mo wo ìwé kí n tó dá yín lóhùn. Ẹja lẹ ń tà. Ohun tí èmi ń tà nìyẹn."

"Ẹja tí mo ń gbé wá ńkọ́?"

"Ẹ ṣeun o. Ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an."

Àbúrò bàbá náà pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Èmi tiẹ̀ rò pé obìnrin yìí fẹ́ fẹ́ lọ́yà ni. Gbogbo ọjà Ejinrin, pẹ̀lú ọ̀bọ̀kún!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ẹni pé èmi náà rẹ́rìn-ín. Owó méjèèjì pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó yàrá. Mo ká àtàǹpàkò mi padà. Lọ́yà ní ìwé wà lọ́wọ́ òun, kò síbi tó ń lọ. Bàbá ní kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ òun.

Ọmọ tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ń bi mí pé ṣé mo sunkún. Kọ ọ́ pé n kò sunkún. Kọ ọ́ pé n kò bínú pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ tí èèyàn bá jókòó lé títí ẹsẹ̀ náà fi kú, bí o bá já a léèékánná, kò ní mọ̀. Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn. Mo padà sí Ẹ̀pẹ́, mo dá iná ẹja.

Obìnrin Ìlàjẹ ni mo lọ bá. Ó ń da ẹja tútù sílẹ̀ létí omi. Mo ní kó wá ra ọkọ̀ mi.

Ó ní, "Ọkọ̀ wo? Èyí tó ń bọ́ ọ?"

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìpẹ́.

"Ó jẹ ẹja rẹ tán, ó wá ń gba owó ọ̀rọ̀ tó fi ń jẹ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Jésù gbà wá o! Ó yẹ kí o máa gbé eegun lọ fún un." Ó wò mí bóyá n ó rẹ́rìn-ín. "Oníbàárà mi, n kò ní owó tó tọ́ sí ọkọ̀ yẹn. N kò fẹ́ rẹ́ ọ jẹ."

"Iye tí lọ́yà ń béèrè ńkọ́?"

"Mo lè wá ìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ sílé, lọ rò ó ná."

Mo ní, "Ilé wo?"

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú omi, ó lọ bá ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló wá wa ọkọ̀ náà lọ. Mo dúró wò ó títí ó fi yí kọ́nà esùsú.

Mo san owó lọ́yà. Wọ́n fi àtàǹpàkò mi kan tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́ síbi tí akọ̀wé fi hàn mí. Bàbá fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mo dé ilé náà, ìyàwó ilé kan láti ẹ̀gbẹ́ òsì ń kó àgbàdo jáde kúrò ní yàrá mi.

Ó ní, "Ìwọ lo ní ìwé?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Ó dáa. Èèpo àgbàdo wà nílẹ̀, kí o gbá a."

Mo gbá a. Mo tẹ́ ẹní fún àwọn ọmọ. Ó kù díẹ̀ kó di Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo ti rò pé bí mo bá ti ilẹ̀kùn tèmi, nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀ nínú mi. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀kùn tì, ó tán.

Láìsí ọkọ̀, ẹja Ẹ̀pẹ́ kò ṣeé tà mọ́. Èèyàn ni mo ń sanwó fún tó ń gbé mi, èrè ń lọ sọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá mo fi í sílẹ̀, mo ń ta ẹ̀kọ àárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀kọ náà ni mo fi bọ́ àwọn ọmọ mi dàgbà, kò pọ̀, kò sì tán. Lọ́jọ́ kan lọ́yà rí mi lójú títì. Ó bọ́ fìlà fún mi.

Ó ní, "Ìyá Ẹ̀pẹ́! Ẹ kò wá kí wa mọ́?"

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń béèrè tọkàntọkàn ni. Mo ní, "Ó ti tó, sà." Ó ní kí n kí àwọn ọmọ.

Nígbà tí àkọ́bí mi dàgbà, tó fẹ́ ra ilẹ̀ lápá Agric ní Ìkòròdú, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wá bá mi pé kí n ṣàdúrà sí i. Mo ṣe é. Lẹ́yìn àdúrà mo ní kí wọ́n béèrè iye tí lọ́yà máa gbà kí wọ́n tó fìdí kan àga rẹ̀. Kí wọ́n béèrè ta ló máa san án. Kí wọ́n béèrè bóyá ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ lówó lórí.

Ọmọ mi obìnrin ní, "Ìyá, a ó wọlé tọ àgbàlagbà, a kò ní tíì kí i tán, a ó ti máa béèrè owó? Ìwà wo nìyẹn?"

Mo ní kò dára. Mo ní kí wọ́n ṣáà béèrè bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Kí ni kí a mú dání?"

Mo ní kí wọ́n máa lọ lọ́wọ́ òfo.